Ìgò Tí Orúkọ Ajarat Wà Lára Rẹ̀

Ẹja tó sọnù yẹn kò gùn ju ọmọńdinrín mi lọ, ó sì ti kú láti ọdún méjì sẹ́yìn. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹ tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ìyàwó mi ti ṣe tiẹ̀ tán. Nígbà tí mo sọ fún un pé ẹja kan la fẹ́ wá lọ sí Ìkòsì, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Bàbá Fikáyọ̀, ẹja kún Mile 12 bámúbámú. Ẹ ra ọ̀kan fún wọn, kí ẹ sì máa bọ̀ nílé."

Kò mọ̀ pé irú ẹja yìí kò sí ní Mile 12. Bí a bá ní ká sọ òótọ́, kò sí níbì kankan tí ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́.

Èmi ni Sájẹ́ǹtì Nojeem. Ọ̀gá mi ni Ìnsípẹ́kítọ̀ Folúkẹ́ Adéṣẹ́gun, ẹni tí mo máa ń pè ní Madam, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í pariwo, tí kì í gbàgbé nǹkan, tí ẹ̀pà yíyan kì í sì í wọ́n nínú àpò rẹ̀. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń tẹ̀ lé e kiri Kétu, mi ò tíì rí ọjọ́ kan tí mo mọ olè ṣáájú rẹ̀. Ó máa ń dùn mí, ṣùgbọ́n mo ti gba kádàrá.

Ọjọ́bọ̀ kan ni, ní oṣù kẹwàá ọdún 2006. Ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìkòsì ló pè wá. Nígbà tí a dé lábù wọn, níbi tí àwọn ọmọ ti ń kọ́ iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì, a bá bàbá kan tó jókòó sórí àpótí, tó káwọ́ lérí. Òun ni Ọ̀gbẹ́ni Elkanah, tíṣà bàọ́lọ́jì, ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹni tó máa fẹ̀yìn tì ní oṣù kejìlá.

"Ìgò mẹ́rin ló wà lórí pẹpẹ yẹn," ó nawọ́ sí ògiri. "Mẹ́ta ló kù."

"Kí ló wà nínú èyí tó lọ?" Madam bi í.

"Ẹja tuntun."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ sọ fún wa lórí fóònù pé ó ti kú láti ọdún méjì."

Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó féèlì. "Tuntun fún ayé ni mo wí. Kò sí ìwé tí wọ́n tíì kọ ọ́ sí rí. Àbàtà tó wà lẹ́yìn Ìkòsì níbí ni mo ti rí i ní ọdún 2004. Mẹ́ta péré ni mo rí mú. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Ìbàdàn bá mi yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní òun ò rí irú rẹ̀ rí. Ó la méjì nínú rẹ̀ wò. Ẹ̀kẹta ni orúkọ dì mọ́."

"Orúkọ dì mọ́ ẹja báwo?"

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kárí ayé nìyẹn, Madam. Bí o bá fẹ́ sọ ẹja lórúkọ, ẹja kan pàtó gbọ́dọ̀ wà nínú ìgò níbi tí ẹni tó bá fẹ́ lè lọ wò ó. Ẹja yẹn gan-an ni orúkọ dúró lé lórí. Bí kò bá sí ẹja, wọn ò ní tẹ orúkọ náà. Mọ́tò ọ̀jọ̀gbọ́n ń bọ̀ lọ́la ní aago mẹ́wàá wá gbé e."

"Ẹ padà sí àbàtà, kí ẹ mú òmíràn," mo ní.

"Àbàtà wo? Wọ́n ti da yanrìn kún un látoṣù kẹjọ. Ilé ni wọ́n ń kọ́ síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbé àwọ̀n lọ, yanrìn ni mo bá."

Ọ̀rọ̀ náà wá yé mi, ojú sì tì mí díẹ̀. Madam ní tirẹ̀ ti ń wo pẹpẹ.

"Tíṣà, kí ni orúkọ ẹja náà?" ó ní. "Kí ló sì túmọ̀ sí?"

Mo ní sínú ara mi pé kí ló kan olè nínú ìtumọ̀ orúkọ. Ṣùgbọ́n ojú bàbá náà là, ó dìde, ó gbé ìwé ńlá kan tó ti gbó wá, ó sì gbé ìgò kìíní sílẹ̀ níwájú wa. Obokún kan ló wà nínú rẹ̀, ó ya ẹnu sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jí lójijì.

"Chrysichthys nigrodigitatus," ó kà á lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìgò náà. "Orúkọ ìdílé ló ṣáájú, tirẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Ti àkọ́kọ́ yẹn, èdè Gíríìkì ni, ẹja wúrà ló túmọ̀ sí. Ìkejì, Látìnì ni, oníka dúdú. Àrọ̀ rèé: Clarias gariepinus. Clarias wá láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún ẹni tí ara rẹ̀ yá gágá, nítorí àrọ̀ kì í tètè kú bí ó bá kúrò lómi."

"Òótọ́ ni," mo ní. "Ìyàwó mi ra ọ̀kan rí, ó rìn láti kíṣìnnì dé pálọ̀."

"Gariepinus, odò kan ni, Gariep, ní South Africa. Odò yẹn ni ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ fi sọ ọ́ lórúkọ. Àrọ̀ tí ẹ ń jẹ ní Kétu níbí, orúkọ odò South Africa ló ń jẹ́." Inú rẹ̀ ti ń dùn, ó ti gbàgbé pé wọ́n jí òun lẹ́rù. "Ẹ wo òjìjí. Malapterurus electricus. Ẹni tó ní lẹbẹ rírọ̀ nídìí ìrù, tó sì ń gbé iná mọ́ra. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé òjìjí máa ń gbé ènìyàn."

"Ìrísí, ìwà, ibùgbé," Madam ní. "Ibi tí orúkọ ti ń wá nìyẹn."

"Ó ku ọ̀kan, Madam. Ènìyàn." Ó lọ ti ilẹ̀kùn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Èyí tó sọnù ń jẹ́ Epiplatys ajaratae. Ti ìdílé wọn ní pé òkè orí wọn tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìkejì yẹn, Ìyá Ajarat ni, Ajarat lorúkọ òun fúnra rẹ̀, obìnrin tó ń gbin ẹ̀fọ́ ní àbàtà náà kí wọ́n tó lé e kúrò. Òun ló fi ẹja náà hàn mí. Mo bi í pé kí ni kí n fi dúpẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, 'Tíṣà, mi ò bímọ, ọkọ ti lọ. Bí mo bá kú, wọ́n á pe orúkọ mi níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ó parí nìyẹn.' Mi ò lè jẹun alẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo ní Ọlọ́run, orúkọ obìnrin yìí ò ní parí."

Madam ju ẹ̀pà kan sẹ́nu. "Ta ló mọ̀ nípa rẹ̀?"

"Èmi àti ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìyá fúnra wọn ò mọ̀. Ẹ ṣáà mọ̀ pé a kì í kígbe oyún kí ọmọ tó wálẹ̀. Mo ní kí ìwé jáde ná." Ó ṣí ìwé ńlá náà hàn wá. Ìtumọ̀ orúkọ mẹ́ta kún ojú ewé. Níwájú ẹ̀kẹrin, orúkọ nìkan ló wà, kò kọ nǹkan kan sí i.

"Ṣé orí tábìlì níbí ni ìwé yìí wà nígbà tí olè wọlé?"

"Ibẹ̀ gan-an ló wà."

Madam mi orí. Ó gun àga, ó wo ibi tí ìgò ẹ̀kẹrin ti dúró. Ẹ̀yìn obokún ló wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó mú un ti kọ́kọ́ gbé obokún kúrò, ó sì ti dá a padà jẹ́jẹ́. Eruku bo gbogbo pẹpẹ, ṣùgbọ́n níbi tí ìgò náà ti dúró, òróró ló ń dán níbẹ̀, ó yí ká roboto.

Orí mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. "Madam, ó ti yé mi. Wọ́n ti dín in."

Ó wò mí láti orí àga. "Nojeem, ẹja tó tó ọmọńdinrín, tó ti wà nínú ọtí líle fún ọdún méjì?"

"Ebi ń pa àwọn ènìyàn, Madam."

"Àti pé orí pẹpẹ ni wọ́n gbé ìkòkò dínńdín kà?" Ó fi ìka kan òróró náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó nà án sí mi nímú. Kò rùn bí òróró kíṣìnnì. Mo mọ òórùn náà, ṣùgbọ́n mi ò rántí ibi tí mo ti gbọ́ ọ. Madam nu ìka rẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀, ó jẹ ẹ̀pà.

Ẹni mẹ́ta ló lè wọ lábù náà láìjálẹ̀kùn. Wọ́n fún wa ní ọ́fíìsì kékeré kan, a sì ń pè wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Felix ló kọ́kọ́ wọlé, ọkùnrin tó ń tọ́jú àwọn nǹkan inú lábù. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì ń rùn bí ilé ẹlẹ́mu láàárọ̀ kùtùkùtù. Mo fi ojú sọ fún Madam pé ká máa lọ ilé, a ti mú un.

"Ọtí líle ló wà nínú àwọn ìgò yẹn, àbí?" mo bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá."

"O sì fẹ́ràn ọtí."

"Mo fẹ́ràn ọtí tí wọ́n ṣe fún ènìyàn." Ó gbé ọwọ́ lé àyà. "Ọ̀gá, mo mu ti lábù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní ọdún 1999. Ọjọ́ méjì gbáko ni mi ò fi ríran. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Èmi kì í tiẹ̀ í fi imú súnmọ́ pẹpẹ yẹn mọ́."

Madam rẹ́rìn-ín, ó ní kó máa lọ. Bí ó ti jáde, ó ní, "Bó bá jẹ́ ọtí ló fẹ́, ìgò àrọ̀ ló tóbi jù, iwájú ló sì wà. Kí ló máa wá èyí tó kéré jù lọ lẹ́yìn fún?"

Ẹnìkejì ni Ọ̀gbẹ́ni Kọ́ládé, tíṣà bàọ́lọ́jì kejì, ọmọ ilé ńlá kan ní Mende. Táì rẹ̀ gún, bàtà rẹ̀ ń dán. Ó máa ń yá kọ́kọ́rọ́ Felix lò. Gbogbo ilé ẹ̀kọ́ náà ló mọ̀ pé òun pẹ̀lú Elkanah kì í bára wọn jẹun, nítorí ó ní òun náà rí ẹja náà lábàtà ní ọdún kan náà.

"Ṣé ẹ mọ orúkọ tí wọ́n sọ ẹja yẹn?" Madam bi í.

"Mo kà á lára ìgò. Kò ṣòro fún ẹni tó kàwé." Ó na ọrùn. "Ajaratae. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì ni. Ó túmọ̀ sí ẹni kékeré inú ẹrẹ̀."

Mo fi ikọ́ bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀. Madam kò rẹ́rìn-ín rárá. "Ẹ ṣeun, sà. Níbo lẹ ti rí ìtumọ̀ yẹn?"

"Ìwádìí," ó ní. Ó wá jókòó dáadáa. "Madam, ká sọ̀rọ̀ bí àgbà. Mi ò fẹ́ràn ọkùnrin yẹn. Ìwé ìtumọ̀ orúkọ ẹja rẹ̀ ni mo ti ń tọrọ láti ọjọ́ yìí kí n ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ó kọ̀. Bí mo bá fẹ́ jalè, ìwé yẹn ni mo máa gbé. Kí ni mo fẹ́ fi ẹja ṣe? Bó bá sọnù, orúkọ tèmi náà ò ní wọnú ìwé."

Inú bí mi nítorí ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu. Nígbà tí ó lọ, Madam ní, "Orí tábìlì ni ìwé náà wà, ní ìṣísílẹ̀. Ẹni tó ń wá ògo kò ní fi í sílẹ̀."

Ẹnìkẹta ni Dorothy, obìnrin tó ń gbá ilẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ náà, ó tó ẹni ogójì ọdún. Ìmẹ̀kọ ló ti wá sí Èkó. Ó fi báàgì aláwọ̀ búlúù kan kọ́ apá, kò sì gbé e sílẹ̀ nígbà tí a ní kó jókòó.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ mú ìgò náà?" Madam bi í tààrà.

"Mi ò jalè rí láyé mi, mà."

"Ohun tí mo bi yín kọ́ nìyẹn."

"Mi ò jalè, mà. Ọlọ́run ń gbọ́ mi." Ó ń wo aago ara ògiri. Aago mẹ́ta kù díẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè tètè lọ lónìí? Mo ní ibì kan tí mo fẹ́ dé kó tó di aago mẹ́rin."

Madam ní kó dúró sí ọgbà ná. Kí n sọ òótọ́, mo ti mú obìnrin náà kúrò lára àwọn afurasí. Ojú rẹ̀ mọ́. Mo ní Felix ni, Felix ló dín in.

Madam jókòó, ó ń jẹ ẹ̀pà, ó ń wò mí. Lójijì ó ní, "Nojeem, kí ló wà nínú nílọ́ọ̀nù rẹ yẹn?"

"Ṣáwá gbígbẹ, Madam. Mo rà á fún ìyàwó mi ní Mile 12 láàárọ̀."

"Fún mi ní ọ̀kan."

Mo rò pé ó fẹ́ jẹ ẹ́ ni. Ó lọ sí lábù, ó gbé ìgò òfìfo kan bọ̀. Ó ju ṣáwá mi sínú rẹ̀, ó bu omi sí i, ó dé e pa. Ó kọ nǹkan sórí bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò náà, ó gbé e sórí tábìlì. Mo tẹ̀ síwájú, mo kà á. NOJEEM ló kọ síbẹ̀.

Ara mi bù máṣọ. "Madam, kí ni mo ṣe fún yín?"

"Kí ló dé?"

"Ẹ yọ orúkọ mi kúrò níbẹ̀."

"Nítorí kí ni?"

"Ẹ̀yin náà mọ̀. Òkú ẹja, omi, ìgò tí wọ́n dé pa, orúkọ ọmọ ènìyàn lára rẹ̀. Irú nǹkan báwo nìyẹn? Mo ní ọmọ mẹ́ta nílé o. Madam, ẹ má fi mí ṣeré báyìí."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó dénú. "Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ nìyẹn. Má bínú. Fara dà á fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, lẹ́yìn náà wàá fọ́ ọ fúnra rẹ. Pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Má sọ nǹkan kan fún wọn."

Mo fara dà á, ṣùgbọ́n mi ò dúró sítòsí ìgò náà.

Kọ́ládé wọlé, ó wo ìgò náà, ó pòṣé. "Ṣáwá rèé. Ta ló kọ Nojeem sí i? Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yìí ò lè kọ́gbọ́n láéláé." Madam dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Felix wọlé, ó gbé ìgò náà sókè, ó wò ó níwájú iná, ó gbé e sílẹ̀. "Omi lásán ni," ó ní, ó sì jáde.

Dorothy wọlé. Kò kọjá ẹnu ọ̀nà. Ó kà á láti ibẹ̀, ó wo orúkọ tí wọ́n fi mọ́ àyà aṣọ mi, ó tún wo ìgò náà. Omi gba ojú rẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó yọ ìgò òróró kékeré kan, irú èyí tí wọ́n ń gbàdúrà sí.

"Ọ̀gá sájẹ́ǹtì," ó ní jẹ́jẹ́, "ẹ má fọwọ́ kàn án o. Ta ló ṣe eléyìí fún yín?"

Òórùn òróró náà dé imú mi, mo sì rántí. Ilé àdúrà tó wà lẹ́bàá ilé mi ní Ọjọ́ta ni mo ti ń gbọ́ ọ.

"Dorothy," Madam ní, "ṣé báyìí náà lẹ ṣe rí ti Ìyá Ajarat?"

Mo rò pé ó máa sẹ́. Ṣe ni ara tù ú. Ó jókòó lórí àga bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. "Ẹ ti mọ̀ nípa rẹ̀? Ọlọ́run ṣeun. Ṣé ẹ ti mú un? Tíṣà Elkanah ni, mà. Èmi náà fẹ́ wá fẹjọ́ sùn, ẹ̀rù ló bà mí."

Mo wo Madam. Láyé mi, mi ò tíì rí olè tó ní kí ọlọ́pàá wá mú ẹni tí òun jà lólè.

"Ẹ sọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀," Madam ní.

"Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í nu pẹpẹ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mo gbé ìgò iwájú, mo rí ti ẹ̀yìn. Mo kà á. Ìyá mi ni wọ́n kọ síbẹ̀, mà. Kì í ṣe pé wọ́n bí mi. Mo dé Èkó lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún, mi ò mọ ẹnì kan, mo sùn sábẹ́ ìsọ̀ ní Kétu. Ìyá Ajarat ló mú mi lọ sílé, ó tẹ́ ẹní fún mi, ó fún mi jẹ fún ọdún mẹ́ta. Mùsùlùmí ni wọ́n, èmi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò fi ìyẹn dà mí láàmú rí. Wọ́n wá lé wọn kúrò lábàtà lóṣù kẹjọ, orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, ẹ̀fọ́ ò tà mọ́. Ìgbà tí mo rí ìgò yẹn, mo ní ibi tí ọ̀rọ̀ wà rèé. Wọ́n ti de ìyá mi sínú ìgò. Mo ta òróró sí i níbẹ̀ kí n tó gbé e."

"Ẹ ka orúkọ ara àwọn ìgò yòókù?"

"Mo kà wọ́n, mà. Mo tún ka ìwé tíṣà tó wà lórí tábìlì. Odò lọ̀kan ń jẹ́. Ìka dúdú lọ̀kan. Wọ́n kọ ìtumọ̀ sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ti ìyá mi nìkan ni wọn ò kọ nǹkan kan sí. Ohun tí ẹnikẹ́ni bá fi pamọ́ báyẹn, mà, kò lè dára."

Madam yí sí mi. "Nojeem, ó ti yé ẹ báyìí? Kò sí ẹni tó fẹ́ ẹja. Orúkọ ló mú un lọ."

"Ìgò náà dà?" mo bi Dorothy.

Ó gbé báàgì búlúù náà sórí ẹsẹ̀. "Ó wà níbí. Mi ò jẹ́ kó dùbúlẹ̀ láti Mọ́ńdè, kó má baà fọ́, nítorí mi ò mọ ohun tó máa ṣe ìyá. Pásítọ̀ mi ní kí n jù ú sínú omi tó ń ṣàn kí oòrùn òní tó wọ̀. Odò Ògùn ni mo ń lọ, lápá Mile 12."

Mo wo aago. Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú ogún. Ká ní Madam ti jẹ́ kó lọ nígbà tó bẹ̀bẹ̀, ẹja Ìkòsì ì bá ti dé Odò Ògùn.

A pe Ọ̀gbẹ́ni Elkanah. Nígbà tó gbọ́ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án, ẹnu rẹ̀ là bíi ti obokún rẹ̀. Ó ṣàlàyé títí, Dorothy ń mi orí, ṣùgbọ́n kò tú ọwọ́ kúrò lára báàgì.

"Ẹni tó bá fẹ́ de ènìyàn sínú ìgò, inú ilẹ̀ ló máa ri ìgò náà mọ́," Madam sọ fún un. "Ṣé á tún tẹ orúkọ náà sínú ìwé kárí ayé, kó ní kí ẹnikẹ́ni máa wá wò ó?"

"Ọ̀rọ̀ yín dùn, mà. Ṣùgbọ́n orúkọ odò ni ti àrọ̀. Odò ò lè kú. Èèyàn lè kú." Ó wo Elkanah, kò wò ó tìbínú tìbínú mọ́. "Ìyá ló lorúkọ. Bí wọ́n bá ní kó máa lọ Ìbàdàn, á lọ. Bí wọ́n bá ní kí n jù ú sómi, mà, màá jù ú."

Elkanah wo Madam. Mo mọ̀ pé a lè gba báàgì náà ní tipátipá. Madam náà mọ̀. Ó ní, "Ó tọ́. Nojeem, lọ mú Ìyá Ajarat wá."

Mo bá a níbi tó ti ń ta ẹ̀fọ́ lẹ́bàá bọ́sítọ́ọ̀pù Ìkòsì, mo gbé e lórí ọ̀kadà wá. Obìnrin kúkúrú kan ni, ó wé ìborùn, ó ń tiro, ẹnu rẹ̀ sì mú. "Ṣé ẹ̀fọ́ mi ló jalè?" ó bi mí lójú ọ̀nà. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, ẹja ni.

Ó jókòó láàárín wa. Dorothy kúnlẹ̀, ó sọ tirẹ̀. Elkanah sọ tirẹ̀, ó sọ ti àbàtà, ti ọjọ́ tó bi í pé kí ni kí òun fi dúpẹ́, ti oúnjẹ alẹ́ tí kò lè jẹ. Ìyá náà gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ó na ọwọ́, Dorothy sì yọ ìgò náà, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Felix àti Kọ́ládé ti wá dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ó kéré o," Ìyá Ajarat ní.

"Ó kéré, Ìyá," Elkanah ní. "Ṣùgbọ́n a ò mọ irú rẹ̀ níbòmíràn."

"Bí mo bá kú ńkọ́?"

"Ajarat láá ṣì máa jẹ́. Bí èmi náà bá kú, Ajarat láá máa jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀ láàádọ́jọ ọdún sí i, á ka orúkọ yín, á ka iṣẹ́ yín, á mọ̀ pé ẹ ti gbé Ìkòsì rí."

Ìyá náà fi ìborùn nu ara ìgò náà. Ó gbé ìgò náà sún mọ́ ojú, ó wo ẹja náà pẹ́. Elkanah ti dìde dúró. Èmi náà, mi ò mọ ìgbà tí mo ṣí fìlà.

"Dorothy," ó ní, "àdúrà ọjọ́ mélòó lo gbà lé e lórí?"

"Ọjọ́ mẹ́ta, mà. Pẹ̀lú ààwẹ̀."

"O ta òróró sí i?"

"Mo ta á, mà."

"Ó dáa. Àdúrà ti kàn án, òróró ti kàn án. Kí ló kù nínú ìsọmọlórúkọ? Ta ló ní iyọ̀ lọ́wọ́?"

Felix ló ní in. Ó dì í sínú nílọ́ọ̀nù fún máńgòrò rẹ̀. A tọ́ ọ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì ń pe orúkọ náà. Ti Gíríìkì fẹ́ ká mi léyín, ṣùgbọ́n mo pe Ajarat ketekete. Kọ́ládé náà tọ́ iyọ̀. Ó pe orúkọ náà, ó wojú ìyá náà, omi sì lé sí i lójú, kò sọ ìtumọ̀ kankan mọ́. Elkanah wá gbé báírò, ó kọ ìtumọ̀ sí ibi tó ṣófo nínú ìwé ńlá rẹ̀ níṣojú gbogbo wa. Èmi náà bọ́ sẹ́yìn ilé, mo fọ́ ìgò tèmi.

Ní aago mẹ́wàá ọjọ́ kejì, mọ́tò Ìbàdàn dé. Ìyá Ajarat ti wà lẹ́nu géètì láti aago mẹ́jọ, ó wọ aṣọ ọdún, Dorothy dì í lápá mú. Awakọ̀ náà na ọwọ́, ó fẹ́ gba ìgò náà kó gbé e sẹ́yìn mọ́tò. Ìyá náà kò tètè jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Iwájú ni kó o gbé e sí," ó sọ fún un. "Kó o rọra wakọ̀. Ọmọ mi kò tíì kúrò nílé rí."